Àpótí Tí Mo Gbé Lọ sí Adó

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Èrèlè 1998

Ẹnu Ajíbádé ni mo ti gbọ́ ọ, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu ará ilé mi. A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ní Àfàò, ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, ó ń bó ọsàn, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ọyẹ́ ti ń lọ.

"Tísà, mo rí Wúràọlá lánàá."

"Níbo?"

"Nínú tẹlifíṣọ̀n mi. Ilé-iṣẹ́ tuntun tó wà ní Adó yẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni òun nìkan fi sọ̀rọ̀. Háà, ọmọ yẹn jọ ọ́! Ó jọ ọ́ ju bí ìwọ fúnra rẹ ti jọ ara rẹ lọ."

N kò jẹ ọsàn náà tán. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí èmi àti àkọ́bí mi kò fojú kan ara wa, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Mo wá iṣẹ́ olùkọ́ fún un, ó ní òun yóò bá àwọn òṣèré lọ. Mo ní, "Má jẹ́ kí ojú mi tún kàn ọ́ mọ́." Láti kékeré ni mo ti ń kùn pé kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Èyí, ó gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Èrèlè

Mo bi Dúpẹ́ ìyàwó mi bóyá ó mọ̀. Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀. Ṣé ẹ bi mí ni?"

Oṣooṣù ni ó ń lọ sí Adó. A máa ń sọ fún ara wa pé ọjà ni ó lọ. Ó ní "Ẹ Kú Ulé" ni orúkọ ètò náà, agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, àti pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń ká a sílẹ̀. Ohùn ìlú wa gan-an ni wọ́n fi ń ṣe é, wọn kì í fi Yorùbá inú ìwé ṣe é. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fún un títí di òpin oṣù tó ń bọ̀ láti fi dán an wò. Bí kò bá wù wọ́n, wọn yóò gbé e kúrò.

Ulé dípò ilé! Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹgba lé kúrò lẹ́nu gbogbo ọmọ mi.

Mo tan tẹlifíṣọ̀n wa. Ọdún 1979 tí mo di ọ̀gá ilé-ìwé ni mo rà á, onípákó tó ní ilẹ̀kùn bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Bọ́tìnnì tí a fi ń yí ìkànnì dúró sórí méjìlá. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tuntun náà ga ju méjìlá lọ fíìfíì. Ajíbádé ní ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gbá a mú láé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Èrèlè

Akúrẹ́. Epo wọ́n, àwọn onímọ́tò sì ti sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì. Oòrùn mú bí iná.

Ọ̀nà méjì ni ọkùnrin tó ń ta tẹlifíṣọ̀n là sílẹ̀ fún mi. Mo lè ra tuntun tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, tàbí kí n ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́ńfátà. N óò gbé e lé orí tẹlifíṣọ̀n mi, yóò máa bá a gba ìkànnì tuntun, yóò sì máa fi í ránṣẹ́ sí i lójú ìkànnì kẹta.

"Bàbá, tuntun ni kí ẹ rà. Àpótí yìí máa ń fẹ́ sùúrù."

Mo ní mo ní sùúrù. Bí Dúpẹ́ bá wà níbẹ̀, yóò ti rẹ́rìn-ín.

Mo ra àpótí náà. Ó fi irin kan tó dà bí òòyà lé e pé kí a so ó mọ́ ọ̀pá antẹ́nà.

Ọjọ́bọ̀, 19 Èrèlè

Láti agogo mẹ́rin ni mo ti wẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n wọ agbádá. Michael tó ń tún rédíò ṣe ní Ùró ti so irin náà mọ́ ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin àtijọ́, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì kọ sí. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ lù, mo tan án.

Eèrà. Eèrà funfun àti eèrà dúdú tí ń jà, pẹ̀lú ariwo bí òjò lórí páànù. Mo yí bọ́tìnnì àpótí náà síwá, mo yí i sẹ́yìn. Nígbà kan mo rí nǹkan tó dà bí ìdajì orí ènìyàn. Ó lè jẹ́ òun. Ó lè jẹ́ àga.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Èrèlè

Michael dé pẹ̀lú ariwo rẹ̀.

"Pápá, àpótí yìí ló bàjẹ́. Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì ní Akúrẹ́."

Ó tú àpótí, kò rí nǹkan kan. Ó tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fa òkú ọmọńlé kan jáde. "Ẹ wò ó! Eléyìí ló ń dí i lọ́nà." A ju ọmọńlé nù. Eèrà kò lọ. Ó wá nàka sí òkúta Olósùnta: "Òkúta yẹn ló dúró sáàárín yín àti Adó."

"Abẹ́ òkúta yìí kan náà kọ́ ni Ajíbádé ń gbé?"

"Ti Bàbá Ajíbádé, gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀, Pápá. Kò bẹ̀rù òkúta."

Ọjọ́ Àìkú, 22 Èrèlè

Ènìyàn mẹ́ta ló bá mi yọ̀ nítorí ọmọ mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni tó rí i.

Ọjọ́bọ̀, 26 Èrèlè

Mo lọ sí ilé Ajíbádé. Mo ti pinnu pé n óò wọlé, n óò jókòó, n óò wò ó. Ṣùgbọ́n pálọ̀ kún fọ́fọ́, àwọn ọmọdé wà nílẹ̀, ìyá arúgbó méjì wà lórí àga, wọ́n sì ti fi àga àárín sílẹ̀ fún bàbá ẹni tí wọ́n ń wò. Ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mo dúró ní fàráńdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ kú ulé o!" Gbogbo pálọ̀ sì dáhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn. Ohùn náà ti nípọn sí i. Mo gbọ́ ọ títí tó fi ń sọ̀rọ̀ lórí ọbẹ̀ kan tí ìyá mi máa ń sè, mo sì yí padà sílé. N kò fẹ́ kí ó jẹ́ níṣojú ogún ènìyàn ni ojú mi yóò ti kọ́kọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Ẹrẹ́nà

Akínwálé ọmọ wa ọkùnrin dé láti Ìbàdàn. Ajíbádé náà wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì dìde sí mi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Tẹlifíṣọ̀n yìí ti dàgbà jù mí lọ."

"Irọ́ ni. O ti wà ní pírámárì nígbà tí mo rà á. Ìwọ lo fi bọ́ọ̀lù lu ilẹ̀kùn rẹ̀."

"Wo tèmi," ni Ajíbádé wí. "Oṣù tó kọjá lọ́hùn-ún ni mo rà á, àwọn tó gbé e wá ló ri ọ̀pá rẹ̀. Mo tẹ nǹkan kan báyìí, Adó dé. Ti Akúrẹ́ kì í fẹ́ wá dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló tún ń wá ti Akúrẹ́?"

"Bí nǹkan kan bá bàjẹ́ nínú tìrẹ, odindi rẹ̀ ni wàá gbé ru Michael. Tèmi, bí àpótí bá bàjẹ́, tẹlifíṣọ̀n ṣì wà."

"Ó dára. Nínú méjèèjì, èwo ló ń ṣiṣẹ́?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín Dúpẹ́ láti ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jáde wá jókòó tì mí.

"Bàbá Akín, ẹ kàn ń da ara yín láàmú ni. Béèyàn bá ra ẹ̀pà ní Ìkẹ́rẹ́ níhìn-ín, tó wọkọ̀, kí ẹ̀pà náà tó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti dé Adó."

Bàbá Wúrà ni gbogbo ènìyàn ń pè mí tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi orúkọ Akín pè mí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Ẹrẹ́nà

Kò sí iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Ẹrẹ́nà

Michael gun àkàsọ̀ lọ sórí òrùlé. Ó di ọ̀pá antẹ́nà mú.

"Pápá, ẹ jẹ́ kí n yí ọ̀pá yìí wò díẹ̀."

Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní èmi ni mo ri ọ̀pá yẹn lọ́dún 1979, kọ́ńpáàsì yàrá sáyẹ́ǹsì ni mo fi wọn ojú rẹ̀, wáyà onírin ni mo fi dè é, ó sì ti ń gba ìròyìn fún mi láti ọjọ́ náà láìṣìnà.

"Ibo ni ẹ kọjú rẹ̀ sí nígbà yẹn?"

"Ibi tó yẹ."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. "Kò burú, Pápá. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n tán, kí lẹ wá pè mí fún?"

Ó ti lọ kí n tó gbọ́ bí ohùn mi ti rí nígbà tí mo ń bá a sọ̀rọ̀. Ohùn orí ilẹ̀ àsẹ́ńbìlì ilé-ìwé ni. Mo rò pé mo ti fi í sílẹ̀ nígbà tí mo gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Ẹrẹ́nà

Emùré, ìsìnkú ẹlẹgbẹ́ mi kan tí a jọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ooru pọ̀, gààrí ti tún lé. Fámúrewá, ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ tó ti di ọ̀gá ní ìjọba ìbílẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi.

"Sà! Pátákó yẹn ńkọ́?"

Gbogbo àwọn tó jókòó ló bú sẹ́rìn-ín. Èmi ni mo ní kí káfíńtà gé e. Ọmọ tó bá sọ èdè ìlú nínú ọgbà ni yóò gbé e kọ́rùn títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Fámúrewá kò tíì parí.

"Ẹ rántí ọjọ́ tí Wúràọlá wá pè yín ní ọ́fíìsì? Ó ní, 'Bàbá mi, àlejò ti dé sí ulé.' Ẹ sì gbé e kọ́ ọ lọ́rùn níwájú àlejò yẹn. Háà, sà, ẹ ò ṣe ojúsàájú rárá!"

Oríyìn ni ó fi sọ ọ́. Mo ti fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fúnra mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní ìpàdé àwọn òbí. Ohun tí kò sí nínú ìtàn tèmi ni pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, àti pé àbúrò ìyá rẹ̀ ni àlejò náà. Nígbà tí mo délé ní ọjọ́ náà, pátákó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò fẹ́ sọ ẹlòmíràn tó tún sọ ọ́, kí wọ́n má baà gbé e kọ́ ẹni náà lọ́rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà

Ọjọ́bọ̀ ìjẹta, eèrà ni. Ọjọ́bọ̀ méjì péré ló kù kí oṣù parí. Mo ti gbà fún Akínwálé pé kó bá mi wá tẹlifíṣọ̀n onígbogbo-rẹ̀-nínú ní Ìbàdàn. Ajíbádé ti ń wí káàkiri pé Tísà ti túúbá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀! Ìjì ló kọ́kọ́ dé, láti ẹ̀yìn Olósùnta, ó gbé eruku pupa bo gbogbo Ùró. Ó ṣí páànù ilé ìdáná wa, ó wó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin. Mo gbọ́ tí ọ̀pá antẹ́nà ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Lẹ́yìn náà ni òjò wá, yìnyín sì bá a rọ̀. Dúpẹ́ ń ṣa yìnyín bí ọmọdé.

Ọjọ́rú, 18 Ẹrẹ́nà

Ìjì ti lọ́ ọ̀pá náà. Wáyà tí mo fi dè é já ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ti Akúrẹ́ tí mo ń rí láti ọjọ́ yìí wá ti lọ pátápátá. Mo lọ wá Michael kó wá dá ọ̀pá padà sí ipò rẹ̀. Wọ́n ní ó lọ sí Ìṣẹ́, yóò di ọjọ́ Ẹtì. Inú mi kò dùn rárá.

Ọjọ́bọ̀, 19 Ẹrẹ́nà

Mo tan án nítorí pé aago lù, kò sí ìdí mìíràn.

Ojú Wúràọlá ni ó kún inú tẹlifíṣọ̀n náà. Kò sí eèrà kan ṣoṣo. Mo pariwo, Dúpẹ́ sáré wọlé pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, a sì dúró bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí jókòó.

Ó ti sanra díẹ̀. Ọrùn ìyá rẹ̀ ni ó ní. Ìyá arúgbó kan láti Ìṣẹ́ jókòó tì í, wọ́n to oríṣiríṣi iṣu sílẹ̀, ìyá náà ń dárúkọ wọn, uṣu èyí, uṣu tọ̀hún. Wúràọlá wá ní, "Ìyá, nígbà tí mo wà ní kékeré, tísà kan máa ń fi pátákó kọ́ wa lọ́rùn bí a bá ti sọ pé ulé."

Ìyá arúgbó náà wò ó. "Tísà yẹn, kò ní ulé tirẹ̀ ni?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Wúràọlá nìkan ni kò rín púpọ̀. Ó dáhùn, "Ó ní ulé." Ó sì mú iṣu mìíràn.

Nígbà tó parí, mo jáde lọ wo òrùlé. Akúrẹ́ ni mo kọjú ọ̀pá yẹn sí, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba wà nígbà náà, ibẹ̀ sì ni tẹlifíṣọ̀n ti ń wá. Nígbà tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, a kó fáìlì, a kó àga, a kó ènìyàn wá sí Adó. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀pá orí òrùlé. Ìjì ti yí tèmi padà sí Adó. Àpótí mi kò ní àbùkù kankan láti ọjọ́ kìíní. Ọmọkùnrin yẹn fẹ́ yí i, mo sì lé e sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Ẹrẹ́nà

Mo bẹ Michael. Ó ní, "Pápá, ẹ má ṣèyọnu. Ṣùgbọ́n owó àkàsọ̀ mi ńkọ́?" Mo san án. Mo sọ fún Akínwálé kó má ra nǹkan kan.

Ara mi kò balẹ̀. Mo rò pé bí mo bá ti rí i, yóò tán. N kò lè jókòó, n kò lè kàwé. Mo bi Dúpẹ́ bóyá Wúràọlá máa ń wo ara rẹ̀.

"Kí ni yóò fi wò ó? Tẹlifíṣọ̀n àgbà bíi tiyín ló ní, èyí tó rà lọ́wọ́ onílé rẹ̀. Kò tíì rí ara rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Ọjọ́bọ̀ kan ló kù.

Ọjọ́bọ̀, 26 Ẹrẹ́nà

Mo tú àpótí náà kúrò, mo fi ìró Dúpẹ́ kan dì í, mo sì gbé e lé itan nínú ọkọ̀ Adó. Bí Wúràọlá bá lé mi, n kò ní rí i ní Adó, n kò sì ní rí i ní Ìkẹ́rẹ́.

Ilé onípálọ̀ kan ni, lẹ́yìn ilé ìwòsàn, bí Dúpẹ́ ti júwe rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, aṣọ ni wọ́n ta sí i. Mo dúró níta bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu mi láti Ìkẹ́rẹ́, Yorùbá tó gún régé ni. Gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ẹ kú ulé o," ni mo wí.

Ariwo abọ́ tí ń bẹ nínú ilé dákẹ́. Ó ṣí aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi. Ó wò mí. Ó kúnlẹ̀ bí a ti kọ́ ọ.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Sà. Mo dúró.

"Ṣé kí n máa sọ Gẹ̀ẹ́sì ni, sà?"

"Rárá, Wúrà. Ulé rẹ ni mo wá. Mo ṣẹ̀ ọ́. Pátákó yẹn, àti ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní ọjọ́ tí o lọ, èmi ni mo jẹ̀bi méjèèjì. N kò ní àwáwí."

Kò sọ pé kò burú. Inú mi dùn pé kò sọ ọ́. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó nàka sí ìró tí mo gbé.

"Kí lẹ wá dì mọ́yà bí ọmọ tuntun yẹn?"

A gbé e lé orí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Ibẹ̀ sún mọ́ ilé-iṣẹ́ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò béèrè ọ̀pá kankan, wáyà lásán ti tó. Agogo mẹ́fà ààbọ̀ lù, ó sì yọ sí ara rẹ̀.

"Yéè! Gèlè mi tẹ̀!"

"Kò tẹ̀."

"Ó tẹ̀, sà. Ẹ wò ó."

"Ó tẹ̀ díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Gèlè ni ó ń fi í rín, kì í ṣe èmi, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Mo bi í bóyá wọn yóò jẹ́ kí ètò náà máa lọ. Ó ní àwọn ọ̀gá kò tíì fọhùn.

Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Ẹ gbàgbé àpótí yín."

"N kò gbàgbé rẹ̀."

Ó wọ bàtà, ó sìn mí dé títì, ó dá ọkọ̀ dúró fún mi. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ó ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń kiri, ó nà án sí mi láti ojú fèrèsé.

"Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ́nà."

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Ẹrẹ́nà

Ajíbádé ti gbọ́. Ó wá wo orí tẹlifíṣọ̀n mi, ó rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Tísà! Eèrà tún ti dé nìyẹn. Mo sọ fún ọ, onígbogbo-rẹ̀-nínú ló dára."

"Ṣé o lè gbé tìrẹ lórí itan dé Adó?"

Ó ronú sí i. "Kí ni n óò gbé e lọ ṣe?"

Ní ọ̀sán, Dúpẹ́ mú agbádá tí mo wọ̀ lọ sí Adó láti fọ̀ ọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa ẹ̀pà inú bébà jáde.

"Bàbá Wúrà, ẹ ò jẹ ẹ́ tán?"

Mo ní ọkọ̀ ti dé Ìkẹ́rẹ́ kí ó tó tán.